Kòtò Amọ̀ Ìbarà

Ta ló gbẹ́ kòtò náà? Ìlú ni. Ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ilé àwọn ènìyàn? Àwọn olóyè ni. Ta ló sì ń mu omi rẹ̀? Kì í ṣe àwọn olóyè. Ẹ jẹ́ kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa wá sọ fún wa pé ọ̀run ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ní àwọn ọdún tí Ẹ̀gbá ń fi etí sílẹ̀ fún ogun Dàhòmì, odi ni gbogbo Abẹ́òkúta ń mọ. Òjò á rọ̀, odi á ya. Wọ́n á pe ará ìlú, wọ́n á tún un mọ. Amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ọ́n kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wà, ibi tí wọ́n bá sì ti wà á, kòtò ni ó ń kù síbẹ̀, òjò ni ó sì ń kún un. Ní apá Ìbarà, níbi tí ọ̀nà ti ya lọ sí ẹnubodè Àró, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ó fẹ̀ ju agbo ilé lọ. Omi inú rẹ̀ rí bí omi ògì tí ó ti kan. Odò Ògùn kò jìnnà. Bí ẹnìkan bá pariwo létí odò, wọ́n lè gbọ́ ọ ní Ìbarà. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ ti pàṣẹ pé obìnrin kankan kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè jáde lọ pọnmi, nítorí àwọn ajínigbé. Àṣẹ náà dùn létí. Àwọn tí ó pa á kò ṣáà sọ ibi tí ènìyàn yóò ti máa rí omi mu.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, Mọ́níkẹ́ aláró tètè lọ sí kòtò náà kí ẹsẹ̀ tó pọ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Olúbọ̀dé ahunṣọ jókòó sí etí omi, ó ki ẹsẹ̀ òsì bọ̀ ọ́ títí dé orúnkún, ó dijú. Sòbìà ni ó ń ṣe é, àrùn tí ó ń gba inú ẹsẹ̀ jáde bí òwú funfun, tí ó sì ń jó ènìyàn bí iná. Kò sí ohun tí ó ń pa iná náà bí omi tútù.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n."

"Òo, ìyàwó. Bọ́ sí apá ọ̀hún kí o pọn tìrẹ. Apá ibí ti gbóná."

"Ẹsẹ̀ yín ló mú un gbóná?"

"Bí mo bá tún jókòó díẹ̀ sí i, o ò ní dáná sẹ́kọ mọ́. Wàá kàn bù ú ni."

Mọ́níkẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé Olúbọ̀dé retí rẹ̀. Ó bọ́ sí apá ọ̀hún, ó fi ìdí igbá ti ìdọ̀tí tí ó léfòó sọ́tọ̀, ó bu omi. Bí ó ti ń gbé ìkòkò rù, àwọn ẹrú ilé olóyè kan ń ti ọ̀nà ẹnubodè bọ̀, ìkòkò lórí kálukú wọn, omi odò ń kán sí èjìká wọn. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, àṣẹ kò kàn wọ́n. Mọ́níkẹ́ wo ẹsẹ̀ wọn bí ó ti máa ń wo aṣọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, láti mọ ibi tí aró kò mú. Ojú egbò sòbìà kan kò sí níbẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ lójú lásán, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ní ilé, Dìran ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Sòbìà tirẹ̀ ti yọrí nítòsí kókósẹ̀, wọ́n sì ń ká a mọ́ igi ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo. Láràárọ̀ ni wọ́n ń yí igi náà, ìwọ̀nba tí àrùn náà bá jọ̀wọ́ ni wọ́n ń gbà, wọ́n á sì fi àkísà dè é mọ́ ẹsẹ̀. Ìyá Ṣẹ̀gilọlá, àgbàlagbà tí ó ń tọ́jú sòbìà káàkiri Ìbarà, ti kìlọ̀ fún un.

"Má fà á o, Dìran. Ìgbà tí ó bá wù ú ni yóò jáde. Bí o bá fà á, yóò já, ìyókù yóò sì kú sínú rẹ. Òkú tí ó bá wà nínú ẹsẹ̀, ta ni yóò bá ọ sin ín?"

Dìran ti rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, sùúrù ni ó fi ń jókòó. Ọkùnrin tí ó ti jagun rí ni, ó ń ṣọ́ igi ìgbálẹ̀.

Ìyá Dìran jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọn ìyẹ̀fun láfún tí ó kù nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Oko wà lẹ́yìn odi, ẹni tí ì bá lọ síbẹ̀ sì ni ó na ẹsẹ̀ yẹn.

"Inú ìkòkò aró lo tún fẹ́ da ìyẹn sí?"

"Rárá, ìyá. Mímu ni."

"Bí o ṣe wí lánàá nìyẹn. Mo wẹ̀ lánàá, èlú ni mò ń rùn títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí."

"Ẹ má bínú, ìyá."

"Ta ló ń bínú? Òùngbẹ ló ń gbẹ mí."

Mọ́níkẹ́ bu omi fún un. Ó bu omi fún Dìran. Òun náà mu. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí ìkòkò aró wò. Ó ti pé. Ìfófòó rẹ̀ ti pọ́n bí idẹ lójú, òórùn rẹ̀ sì ti yí padà bí ó ti yẹ. Òní gan-an ni ó gbọ́dọ̀ rẹ àwọn aṣọ kíjìpá tí àwọn oníbàárà kó wá. Bí ó bá di ọ̀la, aró náà yóò ti kú, wàhálà èlú gígún àti eérú sísẹ́ yóò sì di omi dúdú tí a dà sí ọ̀nà. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ Dìran ti wú, ìkòkò yìí ni ó ń bọ́ ilé.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè nígbà tí Mọ́ṣúdù dé.

Mọ́ṣúdù ni ìránṣẹ́ tí ń pe ènìyàn sí iṣẹ́ odi ní apá Ìbarà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó máa ń kí ènìyàn dáadáa kí ó tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

"Ẹ kú ilé o. Ẹ kú òjò àná. Dìran, ara ńkọ́?"

"Ara rèé."

"Odi ti ya ní apá wa. Ilé kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan."

Ìyá Dìran gbé apẹ̀rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀. "Mọ́ṣúdù, ojú rẹ kò fọ́. O rí ẹsẹ̀ ọmọ mi."

"Mo rí i, ìyá. Mo rí ti Olúbọ̀dé náà. Ìdajì Ìbarà ni sòbìà dá jókòó. Bí mo bá ní kí gbogbo wọn jókòó, ta ni yóò mọ odi?" Ó kọjú sí Dìran. "Lẹ́yìn òjò ìjẹta, o kò wá. Mo bò ọ́ láṣìírí. Lónìí, wọ́n ní ilé tí kò bá mú ènìyàn wá, kí n gbé ohun tí wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀. Ní ilé yìí, ìkòkò aró ni mo mọ̀."

"O lè gbé e?" Dìran bi í. "Ó wúwo."

"Èmi kọ́ ni n ó gbé e. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn dá ṣáṣá ni." Ó wo igi ìgbálẹ̀ tí ó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣe àwàdà. "Àbí bí Dàhòmì bá dé, wàá fi ìgbálẹ̀ hàn wọ́n kí wọ́n dúró kí o tó ká a tán?"

Àwọn méjì kan tí ó ń kọjá lọ rẹ́rìn-ín. Dìran fi àtẹ́lẹwọ́ bo igi náà bí ẹni bo ìhòòhò.

Mọ́níkẹ́ tú apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣebí obìnrin ló ń jagun fún Dàhòmì? Ẹ jẹ́ kí obìnrin ru amọ̀ fún Ẹ̀gbá. Èmi ni n ó lọ."

Mọ́ṣúdù rò ó wò. "Iṣẹ́ ọkùnrin ni wọn yóò gbé fún ọ o."

"Mo gbọ́."

"Kò burú. Ilé náà ti mú ènìyàn wá nìyẹn." Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Ìyá Dìran ni ó kọ́kọ́ la ẹnu. "Wàá lọ, kí aró kú?"

"Bí wọ́n bá gbé ìkòkò lọ, kí ni yóò kú?"

"Mi ò bá ọ jà. Mo ń bi ọ́ ni."

Kí ó tó lọ, Mọ́níkẹ́ kọjá sí ọ̀dọ̀ Lydia, aládùúgbò wọn tí ó ti Sàró bọ̀. Àwọn ará ìjọ ni ó bá a kan páànù sórí ilé, àgbá ńlá kan sì wà lábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀ tí ó ń gba omi òjò. Ó ní ìdérí, ó ní kọ́kọ́rọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé Lydia tí sòbìà ti mú rí, àdúgbò sì ní oògùn òyìnbó ni wọ́n ń lò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi pẹ̀lú omi díẹ̀, kí Dìran rí i fi fọ ojú egbò."

"Igbá kan ni mo lè bù, Mọ́níkẹ́. Bí mo bá bu méjì, gbogbo Ìbarà ni yóò dúró síbí. Kì í ṣe ahun o."

"Mo mọ̀, mà."

Lydia bù ú, ó tún ti àgbá pa. "Ní Sàró, omi láti orí òkè ni wọ́n ń darí wá sáàárín ìlú. Ìjọba ló ṣe é. O kàn máa gbé korobá síbẹ̀ ni."

"Wọn kò ní odi níbẹ̀?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi odi ṣe?"

Mọ́níkẹ́ dúpẹ́. Ó gbé omi òjò náà lọ fún Dìran, ó sì gba ọ̀nà odi lọ.

Amọ̀ wíwà ni wọ́n fi í sí. Kòtò àtijọ́ kò ṣeé wà mọ́, omi ti kún un, nítorí náà olórí iṣẹ́ fi ọ̀pá fa ilà sí ibòmíràn. Ibi tí ó fa ilà sí kò jìnnà ju ẹ̀yìnkùlé Mọ́níkẹ́ lọ. Mọ́níkẹ́ lè rí èéfín ilé tirẹ̀ láti ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ọkùnrin náà ṣì í ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kí ló dé tí a kò kúkú dí ti àtijọ́ kí a tó gbẹ́ òmíràn?"

Olórí iṣẹ́ wò ó. Ó rò pé ó fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà kò fi ẹ̀rín hàn.

"Amọ̀ wo ni a ó fi dí i?"

"Èyí tí a bá wà."

"Inú ibo ni a ó ti wà á?"

Mọ́níkẹ́ wo ilẹ̀. Ó wo odi. Àwọn ọkùnrin tí ó wà nítòsí dúró láti gbọ́ èsì rẹ̀. Ó gbé ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ó ti ń rẹ aró láti ọdún pípẹ́ kọ́kọ́ bó, lẹ́yìn náà ó kú, kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ó wà, wọ́n kó, ó wà, wọ́n kó. Ní ọ̀sán, wọ́n fi igbá kan bu omi kiri fún gbogbo òṣìṣẹ́. Inú kòtò àtijọ́ ni wọ́n ti bù ú. Ó mu ún.

Ojú ọ̀run ṣú ní ìrọ̀lẹ́, olórí iṣẹ́ sì ní kí wọ́n máa lọ kí òjò tó dé. Mọ́níkẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó ń lọ wo òkú aró. Ó dúró. Gbogbo àwọn kíjìpá náà ni ó wà lórí okùn, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán, omi aró ń kán nílẹ̀ lábẹ́ wọn. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan. Ó mú dáadáa. Ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni ó rẹ ẹ́, tí ó rì í, tí ó yọ ọ́, tí ó sá a sí atẹ́gùn, tí ó tún rì í.

Ìyá Dìran jókòó sí ilẹ̀ nínú ilé. Apá rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnpá.

"Ìyá, ẹ̀yin ni ẹ rẹ ẹ́?"

"Ta ló kọ́ ọ? Ṣé o rò pé inú ìyá rẹ lo ti mọ̀ ọ́n wá?" Kò gbé ojú sókè. "Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà. Mi ò sí lọ́dọ̀ ọkọ rẹ."

Nígbà náà ni Mọ́níkẹ́ wo Dìran. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Igi ìgbálẹ̀ náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òwú funfun kúkúrú kan ká mọ́ ọn, orí rẹ̀ já. Kókósẹ̀ rẹ̀ ti wú di ọ̀kan pẹ̀lú ojúgun, awọ rẹ̀ ń dán bí awọ ìlù, ooru rẹ̀ sì ń lu ọwọ́ kí ọwọ́ tó kàn án.

"Dìran. O fà á?"

"Mo fẹ́ wá gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ." Ohùn rẹ̀ kò ga, kò rẹlẹ̀. "Mo gbọ́ ohùn yín láti ibí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Wọn kò rẹ́rìn-ín."

"Mo gbọ́ ọ."

Ìyá Dìran ń fi àtàǹpàkò nu aró kúrò lára èékánná rẹ̀, aró kò sì kúrò. Bí ó bá jókòó ti ọmọ rẹ̀, aró ì bá kú. Bí aró bá kú, wọn kì bá rí ohun jẹ. Mọ́níkẹ́ mọ̀ ọ́n, ìyá náà mọ̀ ọ́n. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ṣé, ìyá. Aṣọ náà mú."

"Ó mú," ni ìyá wí.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Ṣẹ̀gilọlá. Ó dé pẹ̀lú òrí àti ewé tí ó ti yan, ó jókòó, ó fi ìka méjì tẹ ẹsẹ̀ náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń tẹ́tí bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Dìran fi eyín di etí aṣọ. Nígbà tí ìka náà dé abẹ́ orúnkún, arúgbó náà dúró, ó mí kanlẹ̀.

"Gígùn rẹ̀ dé ibí. Gbogbo rẹ̀ ni ó kù sínú."

"Kò lè tún jáde?" Mọ́níkẹ́ bi í.

"Yóò rà síbẹ̀. Ibi tí ó bá ti rà ni ọyún yóò ti tú. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ẹ̀mí rẹ̀ yóò yọ. Ẹsẹ̀ yìí kò ní nà mọ́." Ó fi òrí ra á, ó fi ewé bò ó. "Mo sọ fún ọ, Dìran. Mo sọ ọ́ fún ọ."

"Ẹ sọ ọ́, ìyá," ni Dìran wí sí ògiri.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró omi láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń dà wọ inú kòtò tuntun. Ẹnìkan nínú agbo ilé kejì ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tètè gbé ìkòkò, omi titun dé, ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ̀ dùn. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà bí wọ́n ti ń sáré lọ.

Òjò dá kí ilẹ̀ tó ṣú. Mọ́ṣúdù yà bí ó ti ń lọ láti ilé dé ilé, ẹrẹ̀ dé e lójúgun.

"Ẹ kú iṣẹ́ òní o. Olórí iṣẹ́ yìn ọ́, aya Dìran. Ó ní o wà ju ọkùnrin méjì lọ." Ó wo ẹ̀yìnkùlé. "Ẹ sì wá rí i, omi ti sún mọ́ yín. Ẹ kò ní rìn jìnnà mọ́. Ìlú ṣe yín lóore."

Mọ́níkẹ́ kúnlẹ̀. "A dúpẹ́, ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Apá tí ó kù ni a ó mọ lọ́la. Dìran ńkọ́?"

Ó yọjú sínú ilé, ó rí ewé tí ó bo ẹsẹ̀, ó rí igi ìgbálẹ̀ nílẹ̀. Ó fa orí rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ó já?"

"Ó já."

Mọ́ṣúdù ń fi ẹsẹ̀ kan ha ẹrẹ̀ kúrò lára èkejì. Ó gbé ọwọ́ sí Dìran, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ìyá Ṣẹ̀gilọlá, ṣé yóò tún lè gun odi?"

"Odi kẹ̀? Àga ni kí o béèrè."

"Ó ṣe o. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a ó yọ ọ́ kúrò. Wọn kì í pe arọ sí iṣẹ́ odi."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni yóò pe ẹnìkan ní arọ nínú ilé yẹn. Ìyá Dìran dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ bá àwọn aṣọ rẹ̀, ó dúró láàárín wọn, wọn kò sì rí ojú rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ilé kò ṣeé yọ," Mọ́ṣúdù ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. "Ilé gbọ́dọ̀ ní ẹni tí à ń pè sí iṣẹ́ odi. Kí ni orúkọ rẹ gan-an? Aya Dìran ni mo ti ń pè ọ́ látọjọ́ yìí."

Dìran yí ojú padà láti ara ògiri. Ó wo aya rẹ̀. Mọ́níkẹ́ kò wò ó.

"Mọ́níkẹ́."

"Mọ́níkẹ́," ni Mọ́ṣúdù wí. Ó tún un pè sínú ara rẹ̀ kí ó má bàa gbàgbé, ó kí wọn pé ó dàárọ̀, ó sì kọjá sí ilé Olúbọ̀dé.